Àtẹ̀gùn Mọ́kàndínlógún àti Agolo Kọ́lájìn

Àtìní, 21/4

Wọ́n ti dá ọjọ́. Ọjọ́ kẹta Iléyá, tí gbogbo ẹbí bá ti jẹ ẹran yó, ìpàdé. Bí Ìyá Àgbà bá lè gun àtẹ̀gùn mọ́kàndínlógún ilé yìí dókè, kí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ padà láìsí pé ẹnikẹ́ni dì wọ́n lọ́wọ́ mú, a ò kúrò ní Lafiaji. Bí wọn ò bá lè ṣe é, Ìkòròdú yá. Tí wọ́n bá sì lọ, èmi náà lọ nìyẹn, torí èmi àti Ìyá Àgbà la jọ ń gbé látìgbà tí Màámi ti ń bá òwò lọ sí Kùtọnu.

Ìkòròdú! Mo ti débẹ̀ rí. Àkùkọ ibẹ̀ ń kọ ní aago mẹ́ta ọ̀sán torí kò rí nǹkan mìíràn ṣe.

Dádì Salahudeen, àkọ́bí Ìyá Àgbà, ló gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Wọn ò tíì gbàgbé bí ìyá wọn ṣe yọ̀ ṣubú ní àtẹ̀gùn kẹrin nínú ààwẹ̀. Látọjọ́ náà ni Ìyá Àgbà ti ń sùn ní yàrá ìsàlẹ̀, láàárín jẹnẹrétọ̀ àti àpò gàrí, bí ẹrù tí wọ́n fẹ́ kó lọ.

"Màmá, ẹ dákun. Ilé tí mo kọ́ sí Ìkòròdú, kò ní àtẹ̀gùn kankan."

"Ibojì náà ò ní àtẹ̀gùn, Salahu."

Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi rẹ́rìn-ín. Ojú tí Dádì Salahudeen fi wò mí, ó lè dáná sun ìgànná.

Àtàláátà, 22/4

Ọsibítù. Òjò ká wa mọ́ Obalende, a wọlé bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ.

Dókítà Dámilọ́lá tó ń tọ́jú oríkèé ara kò lè ju ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ, ṣùgbọ́n ohùn wọn, ohùn ṣọ́jà ni. "Màmá, ẹ dìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá!" Ìyá Àgbà dìde lẹ́ẹ̀mẹta. Màmá Clementina dìde lẹ́ẹ̀mejì, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìsìnkú.

Màmá Clementina ni ìyá ìyá Sophia, ọ̀rẹ́ mi tó wà ní ilé kejì. Òun àti Ìyá Àgbà ti ń ṣọ̀rẹ́ látìgbà tí búrẹ́dì ṣì jẹ́ kọ́bọ̀. Orúnkún àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n lọ́sẹ̀ kan náà, bí ẹni pé ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n ti rà á. Ní ti Màmá Clementina, àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì ló ń bà wọ́n lọ́kàn jẹ́. Òkè ni àwọn akọrin ń jókòó. Látọjọ́ Kérésì ni wọ́n ti gbé ìyá náà wá sí ìsàlẹ̀, sẹ́yìn, pẹ̀lú àwọn ọlọ́mọ-ọwọ́.

Iṣẹ́ tí dókítà fún wọn: dídìde lórí àga, gígun àtẹ̀gùn kan kéèyàn tún sọ̀, kí wọ́n so ìrẹsì dẹ́rícà kan mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ kí wọ́n máa na ẹsẹ̀ síwájú. Lójoojúmọ́.

"Ọmọ yẹn ń pàṣẹ fún mi bí ẹni pé òun ló bí mi," Ìyá Àgbà wí nínú Kẹ̀kẹ́. Ìrẹsì náà, jẹ́lọ́ọ̀fù ni wọ́n fi sè.

Àlàmísì, 24/4

Àǹtí Ìyábọ̀, ìyàwó Dádì Salahudeen, gbé ìgbàlà dé. Ìgbàlà ọ̀hún wà nínú agolo aláwọ̀ pọ́ńkì. Kọ́lájìn. Wọ́n ń tà á lórí Wàtsáàpù, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì náírà lẹ́yọ kan, ṣùgbọ́n ti ìyá ọkọ, ọ̀fẹ́ ni. Ó ń wo orúnkún, ó ń wo awọ, irun, èékánná, oorun, ọkàn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Mo ń retí kí wọ́n sọ pé ó ń tún páńpù ṣe, torí tiwa ti bàjẹ́ látàná.

"Màmá, ohun tó ń so oríkèé pọ̀ ló ń gbẹ lára àgbà. Òun ni wọ́n dà sínú agolo yìí. Ẹ máa mu ún láràárọ̀, kẹ́ ẹ sinmi. Ẹ ò nílò wàhálà na-ẹsẹ̀ ká-ẹsẹ̀ kankan."

"Kí ni wọ́n fi ṣe é?"

"Òyìnbó ló ṣe é, Mà."

Ìyá Àgbà mi orí bí ẹni pé ìyẹn ni èsì ìbéèrè.

Èmi ni wọ́n yàn láti máa pò ó. Ìbẹ̀rẹ̀, àárọ̀ ọ̀la.

Sátidé, 26/4

Irorẹ́ kan wà níwájú orí mi tó tóbi débi pé ó yẹ kó máa san owó ilé. Agolo sì ní awọ ara á máa dán. Mo bu ṣíbí kan sẹ́nu, mo tún bu ìkejì. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń lá bébà tó rin. Mo wo dígí lẹ́yìn wákàtí kan. Bóyá ó ti ń dín. Bóyá iná ni kò tàn dáadáa.

Àlàrùbá, 30/4

Mo ti kú. Kí ẹni tó bá rí ìwé yìí sọ fún Màámi pé mo fẹ́ràn wọn.

Sophia wá sílé lẹ́yìn iléèwé, ó rí agolo, ó ní kí òun wo ohun tó wà nínú ẹ̀, torí ó ń ṣe báyọ́lọ́jì, ó sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀. Lábẹ́ agolo ni wọ́n kọ ọ́ sí, lẹ́tà tó kéré bí ẹni pé èèrà ló kọ ọ́. Ó fi fóònù sọ ọ́ di ńlá. Ó tún un kà.

"Qaanitah, ẹran wo lẹ kì í jẹ nílé yín?"

"Èwo nínú ẹ̀?"

"O mọ èyí tí mò ń sọ."

Awọ ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba ní òyìnbó ńlá tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò kà. Ìyá Àgbà, tó lọ sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì, ti mu ife mẹ́fà. Èmi ti lá ṣíbí mẹ́jọ. Mo ṣan ẹnu títí ahọ́n mi fi fẹ́ bó.

Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á da agolo nù, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ da Àǹtí Ìyábọ̀ nù pẹ̀lú ẹ̀, Ìyá Àgbà á sì gbé orúnkún jù sílẹ̀ pátápátá. Agolo yẹn nìkan ló jẹ́ kí wọ́n gbà pé àwọn ṣì lè gòkè. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù. Mo ń gbọ́ àkùkọ Ìkòròdú létí mi.

Àlàmísì, 1/5

Ọlidé. Mo lọ sí ọjà Sandgrouse pẹ̀lú owó Iléyá tí mo ti ń fi pamọ́, mo ra mílíìkì oníyẹ̀fun. Owó tí wọ́n gbà, ó yẹ kí màlúù náà tẹ̀ lé mi délé. Mo fọ agolo pọ́ńkì nígbà méje, mo da mílíìkì sí i.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo ṣe ohun tó burú jù. Ìyẹ̀fun àkọ́kọ́ ṣì wà nínú ọ̀rá, ó ju ìdajì agolo lọ. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì! Ọwọ́ mi ò gbà láti dà á sí gọ́tà. Màmá Clementina kò kúkú ní ìṣòro pẹ̀lú ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n sì ti ń wo agolo náà látọjọ́ tó dé bí ọmọ tó ń wo àkàrà. Mo gbé e lọ fún wọn.

"Ìyá Àgbà ní kí n kó o fún yín, Mà."

"Hàwáwù ọ̀rẹ́ mi! Ah! Jẹ́ kí n lọ dúpẹ́..."

"Ẹ má lọ, Mà!" Orí mi ń ṣiṣẹ́ bíi fáànù. "Sàráà ìkọ̀kọ̀ ni. Nínú ẹ̀sìn wa, tí ẹni tá a fún bá dúpẹ́, láádá ẹ̀ bàjẹ́. Ẹ má tiẹ̀ fi ojú dúpẹ́."

Wọ́n gbá mi mọ́ra, omi wà lójú wọn. Mo sáré kúrò níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó lanu.

Jímọ̀, 2/5

"Ti òní dùn," ni Ìyá Àgbà wí, wọ́n sì ti ife síwájú pé kí n fi kún un.

"Ó ti ń bá yín lára mu ni, Mà."

Àtìní, 5/5

Mi ò sùn dáadáa láti Sátidé. Mílíìkì ò lè gbé èèyàn gun òkè. Bó bá lè ṣe é, gbogbo ọmọ ọwọ́ ni ì bá máa fò. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni iṣẹ́ tí Dókítà Dámilọ́lá fún wọn, Ìyá Àgbà ò sì ṣe é.

Nítorí náà mo tún pa irọ́ mìíràn. Mo ní Àǹtí Ìyábọ̀ pè pé àwọn gbàgbé sọ nǹkan kan: kọ́lájìn ò mọ ọ̀nà orúnkún fúnra ẹ̀. Tí wọ́n bá ti mu ún tán, kí wọ́n na ẹsẹ̀, kí wọ́n dìde lórí àga, kó lè mọ ibi tó ń lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú ikùn ló máa jókòó sí.

"Ṣé kò lè béèrè ọ̀nà ni?"

"Òyìnbó ni, Mà. Kò gbọ́ èdè wa."

Wọ́n dìde lórí àga lẹ́ẹ̀mẹrin. Wọ́n bú Àǹtí Ìyábọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Àlàmísì, 8/5

Ẹ̀ẹ̀meje. Ìrẹsì dẹ́rícà wà lẹ́sẹ̀ wọn, mo sì dì í lọ́ràá méjì kí ọkàn wọn má baà fà sí jẹ́lọ́ọ̀fù.

Àtàláátà, 13/5

Ọsibítù. Mo dúró títí àwọn ìyá méjèèjì fi lọ jókòó, mo wá lọ bá Dókítà Dámilọ́lá.

"Mà, ṣé òótọ́ ni pé kọ́lájìn ń wo orúnkún?"

"Ta ló ń mu ún?"

"Aládùúgbò wa kan."

Wọ́n wò mí bí ẹni tó ti pàdé aládùúgbò yẹn rí. Wọ́n ní wọ́n ti ṣèwádìí ẹ̀. Àwọn kan tó mu ún fún bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà sọ pé ìrora orúnkún àwọn dín díẹ̀, awọ àwọn míì sì rọ̀ díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìwádìí náà, àwọn tó ń tà á ló sanwó ẹ̀. Èyí tí wọn ò sanwó ẹ̀, èrè ibẹ̀ kéré, àwọn kan ò tiẹ̀ rí nǹkan kan.

"Ikùn rẹ á gé e wẹ́wẹ́ bó ṣe ń gé ẹran àti ẹyin," ni wọ́n wí. "Ikùn ò mọ̀ pé orúnkún lo ránṣẹ́ sí."

Irọ́ mi ti fẹ́ jọ òótọ́ o.

"Ṣé ó ń ṣèèyàn ní jàǹbá, Mà?"

"Kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Jàǹbá ibẹ̀ ni kéèyàn tìtorí ẹ̀ pa ohun tó ń ṣiṣẹ́ tì."

"Mílíìkì ńkọ́, Mà?"

"Mílíìkì dáa. Kí ló dé?"

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni, Mà."

Jímọ̀, 16/5

Wọ́n gun àtẹ̀gùn mẹ́ta lónìí, wọ́n sọ̀. Wọn ò fọwọ́ kan ìkẹrin. Wọ́n wò ó bí ẹni tó jẹ wọ́n ní gbèsè.

Sọ́ńdè, 18/5

Ìṣòro tuntun: ẹja. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ni Màmá Clementina ti ń gbé ẹja wá. Ọ̀bọ̀kún lánàá, ẹja yíyan lónìí. Wọ́n á gbé e kalẹ̀, wọ́n á wo òkè, wọ́n á ní "Ọlọ́run mọ gbogbo ẹ̀," wọ́n á lọ.

"Kí ló ń ṣe Clementina?" Ìyá Àgbà bi mí. "Ṣé ara ẹ̀ yá?"

"Ìfẹ́ ni, Mà."

"Láti ọdún márùndínlọ́gọ́ta, kò fún mi ní egungun ẹja rí."

Sophia ní ìyá ìyá òun ti pa ẹsasáìsì tì. Wọ́n kúkú wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Àǹtí Ìyábọ̀ ní kí Ìyá Àgbà máa mu ún kí wọ́n sinmi, wọ́n sì ń sinmi bí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún. Ojú wọn ń dán lóòótọ́ ṣá. Wọ́n ní kọ́lájìn ni. Sophia ní ìpara tuntun tí ọmọ wọn kó ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù ni. Ta ló mọ̀? Irorẹ́ tèmi ṣì wà níbẹ̀, ó ti fẹ́ bímọ.

Sátidé, 24/5

ÀTẸ̀GÙN KEJE. Wọ́n kọjá ìkẹrin, wọ́n dijú. Mo pariwo débi pé àwọn ará Obalende gbọ́.

Àlàmísì, 29/5

Òjò láti ìdájí. Omi wọ yàrá ìsàlẹ̀, bàtà mi kan lúwẹ̀ẹ́ lọ. Ìyá Àgbà fẹ́ gbé kùránì wọn sókè, ni ẹsẹ̀ bá yọ̀. Wọn ò ṣubú, wọ́n di fèrèsé mú, ṣùgbọ́n orúnkún ọ̀tún ti wú bí búrẹ́dì inú omi.

Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù. Dádì Salahudeen pè. Wọ́n ní àwọn ti kun yàrá Ìyá Àgbà ní Ìkòròdú. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Wọn ò tiẹ̀ béèrè àwọ̀ tí Màmá fẹ́.

Jímọ̀, 30/5

Wọn ò na ẹsẹ̀ lónìí. Wọ́n kọjú sí ògiri.

Àtàláátà, 3/6

Dókítà Dámilọ́lá tẹ orúnkún náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n ní kò ṣẹ́, kò fà ya. Kí wọ́n fi omi tútù sí i, kí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ wọn díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ wo ìyàtọ̀, Màmá. Nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ dìde. Lónìí, pẹ̀lú orúnkún tó wú, ẹ dìde lẹ́ẹ̀mẹjọ."

Ìyá Àgbà rìn láti géètì ọsibítù dé ibi Kẹ̀kẹ́ láì di èjìká mi mú. Màmá Clementina dì mí mú ní tiwọn. Mo rò pé apá mi máa já.

Jímọ̀, 6/6. Iléyá

Àgbò méjì. Mo jẹ ẹran tó lè bọ́ iléèwé kan.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo fẹ́ kọ. Láàárọ̀, kí á tó jáde, Ìyá Àgbà ti àga ìrun wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Látìgbà ààwẹ̀, orí àga ni wọ́n ti ń kí ìrun. Lónìí wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n fi iwájú orí kanlẹ̀. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Mo ti fẹ́ lọ fà wọ́n dìde kí n tó rí i pé wọ́n ń sunkún.

"Ọlọ́run bù kún Ìyábọ̀," ni wọ́n wí nígbà tí wọ́n dìde. "Ọlọ́run bù kún agolo yẹn."

Mo ní àmín. Kí ni mo tún lè sọ?

Sátidé, 7/6

Sophia pè mí sẹ́yìn ilé. Kò rẹ́rìn-ín.

"Grándímà mi ò lo oògùn ìfúnpá wọn mọ́. Láti ọjọ́ mẹ́wàá. Mo rí gbogbo ẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀. Wọ́n ní Àǹtí Ìyábọ̀ sọ pé kọ́lájìn ń wo ìyẹn náà, pé ẹ wo Hàwáwù bó ṣe ń gun òkè."

"Ṣé orí ń fọ́ wọn?"

"Láràárọ̀. Wọ́n ní ọ̀rá ìdọ̀tí ló ń jáde lára."

Tí mo bá sọ ọ́ kí ìpàdé tó parí, Dádì Salahudeen á rí ohun tí wọ́n ń wá. Tí mo bá dúró dé ọjọ́ Ajé, a ti mú Lafiaji lọ́wọ́ ná. Ọjọ́ méjì péré. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Sophia.

"Ìyá tìẹ ń gòkè," ó ní. "Ìyá tèmi ni orí ń fọ́." Ó lọ. Kò ṣépè, kò pariwo. Ì bá sàn kó gbá mi létí.

Sọ́ńdè, 8/6

Mo fẹ́ kọ gbogbo ẹ̀.

Gbogbo ẹbí kún àgbàlá, ó tó ẹgbẹ̀rún kan. Ó dáa, mọ́kànlélógójì. Màmá Clementina náà wá, torí kò sí Iléyá tí wọn kì í bá wa jẹ. Dádì Salahudeen dúró sídìí àtẹ̀gùn, wọ́n kó ọwọ́ sẹ́yìn bí olùṣọ́ ìdánwò.

Ìyá Àgbà so ìró wọn le. "Bísímílà."

Mo ń kà á sínú. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ní ìkẹrin wọ́n dúró. Mi ò mí fún wákàtí kan. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n kọjá. Ní ìkejìlá wọ́n fara ti ògiri.

"Màmá, a ní láìsí ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni," Dádì Salahudeen pariwo láti ìsàlẹ̀.

"Ògiri kì í ṣe ẹnikẹ́ni."

Àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Mẹ́tàdínlógún. Méjìdínlógún. Wọ́n dé òkè, wọ́n juwọ́ sí wa bí olórí ìlú. Sísọ̀ ló le jù, ẹsẹ̀ kan, wọ́n á dúró, ẹsẹ̀ kan. Nígbà tí bàtà wọn kan ilẹ̀, ariwo tó sọ, ẹyẹlé gbogbo Lafiaji gbéra.

Àǹtí Ìyábọ̀ ti ń fi fóònù ya fídíò. "Ẹ̀rí rèé o, ẹ̀yin ènìyàn mi! Màmá mi, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin! Kọ́lájìn! Ta ló fẹ́ kí n kọ orúkọ òun?"

Ọwọ́ ń lọ sókè. Ti Màmá Clementina ló kọ́kọ́ ga. "Ìyábọ̀, kọ agolo mẹ́ta fún mi. Owó oògùn ìfúnpá mi ni mo máa fi rà á. N ò kúkú lò ó mọ́."

Sophia wà lẹ́yìn wọn. Ó ń wò mí.

"Ẹ má rà á!"

Ẹnu mi ló ti jáde. Mọ́kànlélógójì ojú, lọ́nà méjì, yí sí mi.

"Qaanitah, kí ló ń ṣe ẹ́?" Àǹtí Ìyábọ̀ ní.

"Mílíìkì ni, Mà. Mílíìkì ni Ìyá Àgbà ti ń mu láti oṣù tó kọjá. Ife mẹ́fà péré ni wọ́n mu nínú ti yín. Ẹsasáìsì ló gbé wọn gòkè. Màmá Clementina ló ń mu ojúlówó, àtẹ̀gùn méjì sì ni wọ́n lè gùn. Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo oògùn yín."

Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà ò rẹ́rìn-ín.

"Kí ló dé tó o fi pààrọ̀ ẹ̀?"

Mo wo ilẹ̀. Mo sọ ọ́. Awọ ẹran wo. Àgbò tó kù tá a so mọ́ páńpù gan-an dákẹ́.

Àǹtí Ìyábọ̀ yí agolo padà, wọ́n gbé fóònù sí i, wọ́n sọ lẹ́tà di ńlá. Wọ́n jókòó sórí garawa tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀. "Mi ò kà á. Wàláì, mi ò kà á."

Ìyá Àgbà lọ gbé bútà, wọ́n ṣan ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n tu ú sí gọ́tà, wọ́n padà wá.

"Ọlọ́run mọ̀ pé mi ò mọ̀. Ìwọ tó o mọ̀ ńkọ́?"

"Ọjọ́ tí mo mọ̀ náà ni mo gbé e kúrò, Mà."

"O wá gbé e fún Clementina."

"Wọ́n ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀, Mà."

"Mò ń jẹ ẹ́," Màmá Clementina wí, "ṣùgbọ́n nínú ọbẹ̀ ni!" Wọ́n wá dúró. "A jẹ́ pé kì í ṣe sàráà?"

"Rárá, Mà."

"Hàwáwù! Gbogbo ẹja tí mo ti ń fi san án!"

"Ẹja yẹn!" Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́. "Mo ti ń rò pé o fẹ́ kú ni, pé ìdágbére lò ń ṣe!"

Ìgbà yẹn ni Dádì Salahudeen wú ikọ́. "Ó dáa. Tó bá jẹ́ mílíìkì ni, a jẹ́ pé kò sí ìwòsàn kankan. Ọ̀rọ̀ Ìkòròdú..."

"Salahu." Ohùn Ìyá Àgbà ò ga. "Èwo nínú àtẹ̀gùn yẹn ni mo fò?"

Wọ́n wo àtẹ̀gùn náà láti ìsàlẹ̀ dókè.

"Mo ní èwo ni mo fò?"

"Ẹ ò fo ìkankan, Mà."

Ìyá Àgbà yíjú padà, wọ́n tún gùn ún. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gùn ún. Ìkẹrin náà, wọn ò dúró níbẹ̀. A gbọ́ ilẹ̀kùn yàrá wọn lókè. Ó dún gooro bó ṣe máa ń dún, bó ṣe dún kẹ́yìn nínú ààwẹ̀. Ẹ̀yìn náà la gbọ́ ohùn wọn láti fèrèsé.

"Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì mi gòkè. Qaanitah ló máa gbé tìmùtìmù."

Àtìní, 9/6

Ìfúnpá Màmá Clementina ga débi pé nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó wá fi ẹ̀rọ wọn ara ẹ̀ bóyá ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Wọ́n dá wọn dúró lọ́sibítù dé ọ̀sán. Wọ́n ti padà sídìí oògùn. Sophia bá mi sọ̀rọ̀ lónìí, gbólóhùn méjì.

Àǹtí Ìyábọ̀ wá sunkún lẹ́sẹ̀ Ìyá Àgbà. "Ìwọ ò kà á, èmi ò béèrè lẹ́ẹ̀kejì," Ìyá Àgbà ní. "Dìde. Èmi gan-an ti ń dìde." Àwòrán agolo pọ́ńkì ti kúrò lórí Wàtsáàpù.

Ìdájọ́ tèmi: títí ogójì ọjọ́, èmi ni màá máa pọn omi gòkè fún Ìyá Àgbà, tàárọ̀-tìrọ̀lẹ́, torí páńpù ò tíì ṣe. Tí mo bá parí, màá lọ bá Màmá Clementina ṣe ẹsasáìsì wọn. Kì í ṣe pé kí n máa wò wọ́n. Kí n ṣe é pẹ̀lú wọn.

Sọ́ńdè, 15/6

Màmá Clementina gun àtẹ̀gùn mẹ́rin ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn. Mẹ́rin nínú mẹ́rìnlá. Wọ́n kọ orin níbẹ̀, lórí ìkẹrin, kí wọ́n tó sọ̀.

Garawa kejìlá lónìí. Ìyẹn igba àtẹ̀gùn ó lé méjìdínlọ́gbọ̀n, tá ò bá ka sísọ̀. Orúnkún ọ̀tún mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, ìrora tí kò tíì ṣe ẹnikẹ́ni rí láyé. Mo jókòó sórí ìkẹrin, mo ń kérora kí gbogbo ilé lè gbọ́.

Ìyá Àgbà yọjú láti òkè, wọ́n gbọ́wọ́ lé irin.

"Qaanitah."

"Mà."

"Mílíìkì ṣì kù o."